Dókítà pè mí síta, ó ní kí n má sọ fún ìyá mi

Ọmọ Aláró | Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, rí kókó kan lọ́mú. Wọ́n ti gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èsì ń jáde. Lánàá, àwọn ẹ̀gbọ́n ṣèpàdé nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n ní èmi tí mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni kí n ṣáájú lọ bá dókítà, kí n bẹ̀ ẹ́ pé bó bá jẹ́ ohun tí à ń bẹ̀rù ni, kó má sọ fún un. Kó sọ fún un pé oówo ni. Àwa ni kó sọ ọ́ fún, a ó mọ bí a ó ṣe ṣe é.

Mi ò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìyá tó bí mi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Aláró ni, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló fi tọ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ikùn rẹ̀ le lápá ọ̀tún, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, dókítà jáde, ó juwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi la dúró sí. Ó gbá fáìlì mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, pé ó ti ràn kálẹ̀, pé oṣù díẹ̀ ló kù. Ó ní, "Má sọ fún màmá o, àyà wọn lè já." Ó sì kọjá sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ìyá mi tó ń wò wá láti ojú fèrèsé. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ló hàn láàárín gíláàsì méjì.

Mo wọlé, ó bi mí pé kí ni dókítà wí. Mo ní ó ní egbò inú ni, pé kí wọ́n má jẹ ata mọ́.

Oṣù mẹ́rin ni ìyá mi fi jẹ ọbẹ̀ tí kò ní ata. Ìyá mi tó jẹ́ pé bí òógùn ò bá bọ́ lójú rẹ̀, kò tíì jẹun. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń kí mi kú ìtọ́jú.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tó máa lọ, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi. Aró ṣì wà nínú àwọn ìlà ibẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè fọ ìyẹn kúrò. Ó ní: "Aró kì í ṣe é fi pamọ́ lọ́wọ́ aláró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè ọ́ síbi táǹkì ni mo ti mọ̀. Ìwọ ni mo ń retí."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Títí di òní, mi ò tíì rí i.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun?

---

Tíṣà Fẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ẹtì, 9:50 alẹ́

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, ojú mi kún. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìbànújẹ́ tìrẹ ṣe ìdájọ́ fún gbogbo ìdílé.

Àwọn tó bí wa lọ́mọ kì í pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pè é, tàbí Olóde. Bí ejò bá wọlé lóru, okùn ni wọ́n ń pè é. Òpè kọ́ ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lágbára, pé ohun tí a bá sọ sí ènìyàn létí a máa wọ̀ ọ́ lára.

Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n sọ tirẹ̀ fún gbàgà. Dókítà ní oṣù mẹ́ta ló kù. Ó dákẹ́, ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí a bá gbé àmàlà síwájú rẹ̀, á ní ta ni òun ń jẹ ẹ́ fún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé. Ṣé jẹjẹrẹ ló pa á ni, àbí ẹnu dókítà? Lójú tèmi, ẹni tó ń ka ọjọ́ fún aláìsàn ń túfọ̀ ẹni tó wà láàyè.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kò fẹ́ ibi fún Ìyá Kékeré. Gbọ́ tiwọn.

---

Ìyá Ìbejì Stéṣọ̀n | Ọjọ́ Ẹtì, 10:31 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú àìgbàgbé àbúrò yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ara sọ̀rọ̀.

Jẹjẹrẹ ọmú ni tèmi, ọdún kẹta rèé. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù, àwa mẹ́jọ la wà níbẹ̀. Dókítà àgbà kan wọlé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣí fáìlì mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì bá wọn sọ̀rọ̀ lé mi lórí. Ó ti wo ìró mi àti gèlè mi, ó gbà pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Mo gbọ́ kánsà, mo gbọ́ pé wọn yóò gé e. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wò mí lójú, ó rí i pé mo gbọ́, ó wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kọjá sórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló na máńgòrò ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ó ní, "Jẹ ẹ́, ọmọ mi."

Ohun tó dùn mí lọ́jọ́ náà kì í ṣe pé wọ́n sọ òtítọ́. Bí wọ́n ṣe jù ú sílẹ̀ bí omi ìdọ̀tí ló dùn mí. Àìsàn náà kò le tó ọ̀nà tí mo gbà gbọ́ ọ.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n náà ni mo ṣe rí nǹkan ṣe. Mo lọ fi orúkọ àwọn ọmọ sí ìwé ilẹ̀ mi. Mo pe ọkọ mi, a jà, a sunkún, a parí ìjà ọdún mẹ́wàá. Mo fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ fúnra mi. Ta ni ìbá ti buwọ́ lùwé náà fún mi bí wọ́n bá ní oówo ni? Ṣé wọ́n máa ń gé ọmú nítorí oówo ni?

Ọmọ Aláró, bi àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìbéèrè yẹn.

---

Dókítà Ìpè Òru | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:07 òru

Ẹ kú ìjókòó o. Dókítà ni mí nínú ìlú yìí, ẹ jẹ́ kí n má sọ ilé ìwòsàn tí mo wà. Ọmọ Aláró, mo bá ẹ kẹ́dùn. Mo fẹ́ sọ ohun tí àwa dókítà kì í sábà sọ nípa ara wa.

Bí ẹ bá rí dókítà tó ń pe ọmọ aláìsàn síta, ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń rí àrùn, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gé e. Bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tó ní in lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọ́ tán, díẹ̀ nínú wa ló rí ẹni kọ́ ọ. Ẹ tún wo kíníìkì wa: ìlà gùn dé ẹnu ọ̀nà, dókítà méjì ń lo yàrá kan, ilẹ̀kùn kò pa dé. Ẹ wo owó: ọmọ ló ń san án, ọmọ ló ń pàṣẹ. Bí ẹbí bá ní kí n má sọ, tí mo wá sọ, wọ́n lè gbé aláìsàn kúrò lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ wo èdè: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa ní gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé "kókó kan wà níbẹ̀", "ó wú díẹ̀", "a ṣì ń wò ó". Irọ́ kọ́ ni, kì í sì í ṣe òtítọ́.

Ẹ má sì rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1961, wọ́n bi àwọn dókítà 219 ní Chicago léèrè, 90 nínú 100 ní àwọn kì í fẹ́ sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ ni. Ní 1979, wọ́n gbé irú ìbéèrè kan náà lọ bá àwọn dókítà ní Rochester, Amẹ́ríkà kan náà, 97 nínú 100 ní àwọn máa ń fẹ́ sọ. Ọdún 18 péré ló wà láàárín méjèèjì. Ìtọ́jú ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀, àwọn aláìsàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé bí ó ti rí láéláé nìyí, mi ò gbà.

Mo fara mọ́ Tíṣà níbi kan. Iye oṣù tí a máa ń dá, a máa ń ṣì í gan-an. Mi ò ní sọ iye ọjọ́ fún ẹni tí kò bi mí. Bó bá bi mí, mo lè sọ pé "oṣù ni mo ń rò, kì í ṣe ọdún", mo sì máa sọ pé mo lè ṣì í.

Ọmọ Aláró, ọ̀nà kan wà tí kì í ṣe irọ́, tí kì í ṣe kí a ju òkò. Ìlànà kan lórí bí a ṣe ń sọ ìròyìn búburú fún aláìsàn, tí wọ́n ń pè ní SPIKES, jáde ní 2000, ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n méjì nínú rẹ̀ ni mo di mú jù. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo máa ń béèrè pé, "Mà, kí lẹ̀yin fúnra yín rò pé ó ń ṣe yín?" Ẹnu á yà yín bí àwọn aláìsàn ṣe mọ̀ tó. Lẹ́yìn náà, mo máa ń béèrè pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún yín, àbí ẹnìkan wà tí ẹ fẹ́ kí n bá sọ ọ́?" Bó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, mo sì máa bá ẹni tó bá yàn sọ̀rọ̀. Bó bá ní òun fẹ́, kò sí ẹ̀gbọ́n tó lè gba ẹnu rẹ̀.

Ìbéèrè kan tèmi: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí ìyá yín ní, ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé kí ẹ̀yin ọmọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún hẹpatáítìsì B?

---

Ọmọ Aláró | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:40 òwúrọ̀

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Kí ló kàn wá níbẹ̀?

---

Dókítà Ìpè Òru | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:15 òwúrọ̀

Púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí à ń rí ní Nàìjíríà, kòkòrò hẹpatáítìsì B ló wà nídìí rẹ̀. Ó lè gba ara ìyá kọjá sára ọmọ lọ́jọ́ ìbí, kó sì wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún láìsọ̀rọ̀. Ní 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tó wọ inú àwọn tí à ń gún fún ọmọ ọwọ́ lórílẹ̀-èdè wa. Ẹ̀yin tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì gbà á. Ẹni tó bá ní in, oògùn wà, a sì lè máa wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ẹni tí kò ní in, ó lè gbabẹ́rẹ́.

Dókítà tó pè ẹ́ síbi táǹkì yẹ kó ti sọ èyí. Ọ̀rọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, apá kan rẹ̀ máa ń sọnù. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò náà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, gbogbo yín.

---

Ìyanu Ń Bọ̀ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:02 òwúrọ̀

Ìjábọ̀ ta ni ẹ ó gbàgbọ́? Ẹ má gba èsì dókítà kankan wọlé. Ẹ gbé ìyá lọ sórí òkè.

---

Ìyá Ìbejì Stéṣọ̀n | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:20 òwúrọ̀

Mo gbàdúrà, mo sì gba oògùn. Wòlíì mi gan-an ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́.

---

Nọ́ọ̀sì Aláago Méjì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:45 ọ̀sán

Dókítà ń sọ tirẹ̀ lọ́sàn-án, àwa nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń bi lóru. Ní aago méjì òru, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn sórí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aláìsàn á pè mí, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, ṣé mo máa rí ọdún Ọ̀ṣun?" Wọn kì í bi ọmọ wọn nítorí wọn ò fẹ́ kó sunkún. Ọmọ kì í sọ fún wọn nítorí kò fẹ́ kí wọ́n sunkún. Kálukú ń sunkún tirẹ̀ níkọ̀kọ̀, èmi ni mo ń bá apá méjèèjì nu omijé.

Ohun kan tún wà tí ẹ ò tíì mẹ́nu bà. Ìrora. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé egbò inú ni, oògùn egbò inú ni ẹbí rẹ̀ á máa rà. Bí ìrora jẹjẹrẹ bá dé, Parasitamó̩ò̩lù kò ní ká a. Mọfíìnì olómi, èyí tí wọ́n ń fi síbí mu, wà fún irú ìrora bẹ́ẹ̀, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, kí ara lè tù wọ́n. Ta ló máa gbé ẹni tó ní egbò inú lọ síbẹ̀?

Ọmọ Aláró, mi ò sọ ọ́ láti dá ẹ lẹ́bi. Dókítà ló gbé ẹrù lé ẹ lórí, kò bá ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

---

Agbẹjọ́rò Kan | Ọjọ́ Àìkú, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, ti 2014, abala 23, sọ pé kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ fún un bí ìlera rẹ̀ ṣe rí, irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye tó máa ná an. Ó tún ní, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó jẹ́ ní èdè tó yé aláìsàn náà. Ìyẹn ni pé Yorùbá tí Ìyá Kékeré gbọ́ kì í ṣe àánú, ẹ̀tọ́ ni.

Ó fi àyè kan sílẹ̀: bí ẹ̀rí tó múná bá wà pé sísọ ọ́ kò ní ṣe aláìsàn láǹfààní. Ẹ̀rí ni mo wí o. "A rò pé àyà rẹ̀ máa já" kò tó ẹ̀rí.

Abala 26 ní àṣírí aláìsàn jẹ́ tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ó fọwọ́ sí i, tàbí pé ilé ẹjọ́ pàṣẹ, tàbí ọ̀ràn mélòó kan bẹ́ẹ̀ tí òfin kà sílẹ̀, dókítà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lọ bá ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ní 2018, ìjọba tún gbé Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín rán yín lọ bẹ̀ dókítà fún, òun fúnra rẹ̀ kò láṣẹ láti ṣe é.

---

Tíṣà Fẹ̀yìntì | Ọjọ́ Àìkú, 8:55 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo tún un kà. Ìyá Ìbejì, ìbéèrè oówo yẹn, mi ò rí èsì rẹ̀.

Mo ń rántí àbúrò mi. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bóyá ó fẹ́ gbọ́. Òun nìkan ló wà níwájú dókítà lọ́jọ́ náà, kò sí ará ilé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wọ ọ̀kadà bọ̀ láti ibẹ̀ wá sílé mi ní Òkè-Fìà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Bóyá ọ̀nà tó gbà gbọ́ ọ ló pa á lára. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé òfin tó. Ọmọ mi, bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, má jẹ́ kó dá jókòó. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin àgbà wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Kí ẹ ti jẹun kí ẹ tó lọ. Kí ẹnìkankan má sì jáde kúrò ní yàrá náà ṣáájú rẹ̀.

---

Ọmọ Aláró | Ọjọ́bọ̀, 7:30 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Ìbéèrè oówo ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

A lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi, Ìyá Kékeré, àti ẹ̀gbọ́n wa obìnrin. Dókítà obìnrin kan ni, kò tíì dàgbà. Mo ṣáájú wọlé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tábìlì, ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ó ní, "Mà, kí lẹ rò pé ó wà níbẹ̀?"

Ìyá Kékeré kò ronú rárá. Wọ́n ní, "Ohun tó pa ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Iye ọjọ́ ni kẹ́ ẹ má sọ fún mi."

Dókítà sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmú ni tiyín, kì í ṣe irú ti ẹ̀gbọ́n yín. Ó ní ó ti dé abẹ́ apá, àwọn kò rí i níbòmíràn, iṣẹ́ abẹ wà, oògùn wà, ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ wà ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n wa sunkún. Ìyá Kékeré ló ń pa á lẹ́kún. Wọ́n wá béèrè nǹkan kan ṣoṣo: ṣé àwọn gbọ́dọ̀ fi ata sílẹ̀? Dókítà ní rárá, mà, ẹ jẹ ata yín. Mo ní mo fẹ́ tọ̀, mo jáde. Tíṣà, ẹ forí jì mí, ẹ ní kí ẹnìkankan má jáde.

Lánàá, èsì ẹ̀jẹ̀ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé. Àwa mẹ́ta kò ní in, a ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Àbúrò wa obìnrin tó ń gbé ní Ìlọrin ló ní in. Wọ́n ní kí n wá gba ìwé tirẹ̀ nítorí ó ti padà sí Ìlọrin, mo ní rárá, kí wọ́n má ṣí i fún mi. Òun ló pè wọ́n fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè mí, a pẹ́ gan-an lórí fóònù. Mo sọ ti ọbẹ̀ aláìláta fún un, kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọjọ́ Ajé la máa gbé Ìyá Kékeré lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n lè mọ̀ wá síbẹ̀, aago márùn-ún ìdájí la máa wọkọ̀. Ṣé ẹnìkan mọ ibi tí ènìyàn méjì lè sùn sí nítòsí UCH tí kò ní gbowó lórí wa?

---

Nọ́ọ̀sì Aláago Méjì | Ọjọ́bọ̀, 7:52 alẹ́

Mo mọ ìyá kan ní Yemẹtu tó ń gba àwọn ará Òṣogbo sílé. Jẹ́ kí n pè é ná, mo ń bọ̀ wá fún ẹ lésì. Ẹ mú ìbora dání, ìdájí tútù.